Esúnsún Méjìlá

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Alàgbà Nehemiah Akíndélé fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn, lójú gbogbo èèyàn, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdíje ní Òkè Fìà, l'Óṣogbo. Wọ́n gbé mítípáì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún un, ó ní rárá, òun ń gbààwẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rèé nínú mọ́kànlélógún tí ìjọ àwọn kéde, òun kì í sì í ṣínu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò kúkú sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó sọ ọ́ débi pé ẹni tó ń to àga lọ́ọ̀ọ́kán gbọ́. Ìyáàfin Adéjọbí, obìnrin tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe adájọ́, mirí títí, ó ní irú àwọn bàbá báyìí ò pọ̀ láyé mọ́.

Bàbá náà kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì ní Iléṣà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Àpọ́sítélì. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ kòkòrò dunjú, tí kò sì ní gba rìbá, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ọdọọdún ni ìdíje ọ̀hún. Àwọn ọmọ á mú kòkòrò, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ inú àpótí onígíláàsì, wọ́n á wá kọ káàdì kékeré sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àti ẹni tó mú un. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Káàdì tí kò bá ní kòkòrò lórí, máàkì mẹ́wàá ló lọ. Bàbá Akíndélé fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì máa ń fi yangàn.

Ó nìkan wọ inú gbọ̀ngàn lọ, nítorí ó fẹ́ràn kó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọmọ láìsí ọmọ nítòsí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àwọn àpótí wà kalẹ̀ lórí tábìlì, labalábá ní ìhín, lámilámi ní ọ̀hún, tata, agbọ́n, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ńlá kan tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó ń wò, inú rẹ̀ ń dùn, ebi sì ń pa á. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ebi ń pa bàbá náà gan-an. Láti ìdájí ló ti wọkọ̀ ní Iléṣà, omi lásán ò kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tó dé ìdí tábìlì kẹsàn-án, ó rí i. Àwo funfun kékeré kan ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kan tí wọn ò tíì tò tán. Esúnsún ló wà nínú àwo náà. Esúnsún tí kò níyẹ̀ẹ́ lára mọ́, tí wọ́n yan nínú yanrìn gbígbóná títí tó fi pọ́n, tí ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí mò ń wí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí esúnsún bá tú jáde, ìyá rẹ̀ á gbé abọ́ omi sábẹ́ fìtílà, tó bá di àárọ̀, agbada á gbóná lórí iná, àwọn ọmọ á jókòó yí i ká, kò ní sẹ́ni tó máa rántí ilé ìwé.

Ó ní òun kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án wò ni, bóyá ó gbẹ dáadáa. Iṣẹ́ adájọ́ kúkú ni. Ó mú ọ̀kan. Bí ọwọ́ ṣe dẹ́nu, òun gan-an ò lè ṣàlàyé rẹ̀ dòní. Ó rún un, kò níyọ̀, òórùn kànáfùrù sì wà lára rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ kì í fi sí i, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ò yàtọ̀. Ó mú ìkejì láti mọ̀ bóyá kànáfùrù ni lóòótọ́. Nígbà tó máa fi mú ìkẹta, kò wá àwáwí kankan mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìgbà tí ìka rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ àwo lásán ló tó rí i pé bébà funfun kan yọrí lábẹ́ àwo. Ó fà á yọ.

Káàdì ni. Wọ́n fi bírò dúdú kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì mọ́ tónítóní: Esúnsún méjìlá, lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀. Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin. Ẹni tó mú un: Kifayat Sànúsí.

Bàbá ní, "Mo gbé."

Inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ló ti wá rí ìyókù wọn. Ìyá ikán wà níbẹ̀, ó wú bí àtàǹpàkò. Ikán tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ikán tó ń jagun wà níbẹ̀, esúnsún tó ṣì níyẹ̀ẹ́ náà wà níbẹ̀. Odindi ìdílé lọmọ náà kó jọ. Láti ọjọ́ tí bàbá ti ń dájọ́, kò tíì sẹ́ni tó kó ìdílé ikán pé rí. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo láàárín wọn, àyè àwọn tó wà nínú ikùn rẹ̀. Ó dá káàdì padà sábẹ́ àwo, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ jókòó sórí àga àwọn adájọ́ níwájú lọ́hùn-ún, ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan wọlé, Salmah lorúkọ rẹ̀, ó mú guguru àti ẹ̀pà dání. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, bàbá dáhùn, ó sì lọ jókòó nídìí tábìlì kẹsàn-án. Òun àti Kifayat, agbo ilé kan náà ni wọ́n l'Ókè-Baálẹ̀, kíláàsì kan náà sì ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì ló sì ń díje. Kifayat ló ní kó bá òun ṣọ́ tábìlì, kí òun sáré ra gọ́ọ̀mù wá. Salmah ṣọ́ ọ títí, ìgbà tí ebi dé, ó sáré jáde lọ ra guguru lẹ́nu géètì. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀hún náà ni bàbá fi wọlé.

Kifayat dé, ó gbé àwo, ó dúró. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn àpótí, ó wá wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́. Èèpo ẹ̀pà àti ara esúnsún tí wọ́n yan, àwọ̀ kan náà ni wọ́n.

Ó ní, "Salmah, o jẹ ẹ́."

Salmah ní wàláhì, òun ò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun jáde lọ ra guguru ni. Kifayat ní ta ló ní kó jáde, ṣebí kó ṣọ́ ọ lòun wí? Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an, wọ́n pe Ìyáàfin Adéjọbí. Obìnrin yìí kì í ṣèèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Ó ní kí Salmah mú ẹni tó rí i níta wá. Ẹni tó ń ta guguru ti bá tirẹ̀ lọ. Ó bèèrè ẹni tó tún wọ gbọ̀ngàn yàtọ̀ sí Salmah. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíì àfi bàbá. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ló bá jágbe mọ́ wọn, ó ní ṣé bàbá tó ń gbààwẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá yíjú sí Alàgbà Akíndélé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà tí ẹ wà nínú ibí, ta lẹ rí?"

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀nà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ láyé yìí pé gbọ̀ngàn ṣófo nígbà tí òun wọlé, pé ọmọ náà jáde lóòótọ́. Ó lanu, òórùn kànáfùrù bá a níbẹ̀. Ó rántí mítípáì tó kọ̀ lójú gbogbo ayé. Ó rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú, òun ló sì máa dìde bá ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìtìjú gbé e mì.

Ó ní, "Ọmọ yìí ni mo rí."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà ló rí. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ burú ju irọ́ lọ, torí irọ́ ṣeé já. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orí ọmọ wọ́.

Wọ́n yọ àpótí labalábá Salmah kúrò nínú ìdíje, wọ́n ní kó lọ dúró síta. Bó ṣe ń jáde, ẹnì kan nínú àwọn ọmọ pè é lólè esúnsún, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára lójú ẹsẹ̀. Bàbá gba bírò pupa, ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Nígbà tó dé ìdí ìkẹsàn-án, kò fẹ́ kọ nǹkan kan. Ìyáàfin Adéjọbí ló rán an létí pé káàdì kan ò ní kòkòrò, òfin sì lòfin. Ó gé máàkì mẹ́wàá. Ọwọ́ tó kó esúnsún jẹ náà ló fi gé máàkì ẹni tó mú esúnsún. Kifayat tí ì bá gba ipò kìíní bọ́ sí ìkẹta. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shalom, tó wá láti Iléṣà, ló gbé ife, àwọn ará Iléṣà sì ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá bí ẹni pé òun ló bá wọn gbà á. Kifayat gba ẹ̀bùn tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó gba iwájú Salmah kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìwò ó.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lu bá bàbá nílé rẹ̀ n'Iléṣà. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán kalẹ̀, ó wò ó, ó ní kó gbé e kúrò, òun fẹ́ mú ààwẹ̀ náà dé ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ní Olúwa á gbọ́. Ó tún lọ sọ ọ́ fún ará ilé kejì pé ẹ wò ó, ọkọ òun ò jẹun. Bàbá ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó ń fi ahọ́n wá ẹ̀yìn eyín rẹ̀ kiri, ibi tí ẹsẹ̀ esúnsún kan há sí. Kò yọ ọ́. Ó ń fi ahọ́n kàn án títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dìde níwájú ìjọ, ó sọ̀rọ̀ lórí ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjọ ń hó, wọ́n ń ṣe àmín. Gbogbo ibi tó bá wò, ojú Salmah ló ń rí, bó ṣe kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú guguru lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún wákàtí kan, ó kúrú sí ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán tó ti wà nínú ọkọ̀ Òṣogbo.

Kò ṣòro láti mọ agbo ilé wọn l'Ókè-Baálẹ̀. Ìyá àgbà kan ló bá lórí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀, Àpìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun ló bí bàbá Salmah. Nígbà tó gbọ́ pé adájọ́ ìdíje ni, ìyá náà dìde, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Ó ní kó má bínú, àwọn ò kọ́ ọmọ náà lólè. Ó ní láti àná ló ti ń jiyàn, tí Kifayat ò bá a sọ̀rọ̀, tí gbogbo agbo ilé ń fi í sẹ́nu. Ó ní ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Bàbá ní ó jẹ́wọ́ kí ni? Kí ìyá tó dáhùn, Salmah ti jáde láti inú ilé. Ojú rẹ̀ wú. Kifayat wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fara ti òpó ẹnu ọ̀nà, kò súnmọ́ ọn.

Salmah kúnlẹ̀ síwájú bàbá. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi lẹ́nu, mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán."

Ẹni tó jẹ̀bi jókòó, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá kò mọ ìgbà tí òun náà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, tí eékún rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kò tán o. Ìyá Àpìkẹ́ bú sẹ́kún, ó ní kí gbogbo ilé wá wo èèyàn Ọlọ́run. Ó ní bàbá tó ń gbààwẹ̀, tí kò fẹnu kan mítípáì lójú gbogbo èèyàn, wá fẹ́ gbẹ́ṣẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ rù kí ojú má bàa tì í. Ó ní òótọ́ ni pé ẹ̀sìn àwọn ò dọ́gba, ṣùgbọ́n irú wọn ni Ọlọ́run ń fi sí àlùjánà. Bàbá ní ẹ gbọ́, Ìyá, èmi ni lóòótọ́. Ìyá ní ó tó, sà, a ti gbọ́, Ọlọ́run á ṣe yín lóore. Bó ṣe ń jẹ́wọ́ ni ìyá ń ṣàdúrà fún un. Kò tíì sí ohun tó dun bàbá náà tó àdúrà yẹn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ààwẹ̀ tó fi bo ara rẹ̀ lánàá, kò rí i bọ́ sílẹ̀ mọ́.

Ló bá yíjú sí Kifayat lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Kò síyọ̀ nínú rẹ̀. Kànáfùrù lo fi sí i."

Kifayat kúrò lára òpó. Kò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí. Kànáfùrù ìyá rẹ̀ ló bù láìtọrọ, ó dà á sínú agolo tó tọ́jú àwọn esúnsún sí, kí èèrà má bàa jẹ wọ́n. Salmah pàápàá kò mọ̀. Ó wo bàbá títí, ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Salmah, kí ló dé tó o fi ní iyọ̀ wà níbẹ̀?"

Salmah ní, "Mi ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Mo rò pé iyọ̀ ni."

Àdúrà dá lẹ́nu ìyá àgbà. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé àga tó fún àlejò, ó gbé e wọlé lọ. Kifayat ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salmah, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, Salmah ò sì gbọwọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò di tirẹ̀ mú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó máa ṣe. Ó ní òun á kọ lẹ́tà, òun á dá máàkì padà, òun á ní kí wọ́n gba ife lọ́wọ́ Shalom, òun á bẹ bàbá àti ìyá wọn. Salmah jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ẹ rí mi nígbà tí mo wọlé, sà. Mo kí yín, ẹ dá mi lóhùn."

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Gbogbo ilé ìwé wa ló ń pè mí lólè. Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn ní asẹ́ńbílì lọ́la."

Kò kígbe, kò sì bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní òun á wá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wá. Ìyáàfin Adéjọbí náà wá, bàbá ló pè é lórí fóònù láìsọ ìdí fún un. Pírínsípà gba máíìkì, inú rẹ̀ dùn sí àlejò, ó yin bàbá títí kò mọ ibi tó máa dúró sí. Ó ní kí àwọn ọmọ wo àgbà tó fi ogójì ọdún dín méje kọ́ni, tó ń fààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, tí kò sì rẹ̀ ẹ́ láti bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ti gbé omi inú ike sórí tábìlì, pírínsípà ṣẹ́wọ́ sí i pé kó gbé e kúrò, ṣé kò mọ̀ pé bàbá ń gbààwẹ̀ ni. Salmah wà lórí ìlà kẹta, àwọn ọmọ fi àyè sílẹ̀ fún un lọ́tùn-ún lósì, ó ń wo bàtà rẹ̀. Kifayat nìkan ló dúró tì í.

Bàbá gba máíìkì. Ó ní kí wọ́n gbé omi náà padà wá. Wọ́n gbé e wá, ó ṣí i, ó sì mu ún lójú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ẹ má pè mí ní aláàwẹ̀. Mo jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Esúnsún méjìlá ni mo jẹ."

Salmah ló kọ́kọ́ gbójú sókè.